Ìlà Tí Raṣídà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Nù Kúrò

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Lónìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí èmi fúnra mi ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin báyìí. Yàtọ̀ sí àwọn tọ́rọ̀ náà kàn, ọkọ mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún, òun náà kàn ń mi orí ni, kò mọ èyí tó máa wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé ẹnu mi mú. Bí ẹnìkan bá rẹ́ mi jẹ nínú trotro, ọkọ̀ èrò wọn níbí, láàárọ̀, ẹ ó ti gbọ́ ọ níbí kó tó di ọ̀sán. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tèmi ló wá gba oṣù mẹ́rin kó tó jáde. Ṣé ẹ rí èèyàn bí?

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: ọmọ Ìbàdàn ni mí. Iṣẹ́ báńkì ló gbé ọkọ mi wá sí Accra, èmi náà sì tẹ̀lé e. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìyẹn ẹkọnọ́míìsì, ní yunifásítì kan níbí. Olùkọ́ mẹ́rìnlá ló wà ní dipátímẹ́ǹtì wa. Obìnrin mélòó? Èmi nìkan! Bí a bá ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n bá dé ibi ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣètò oúnjẹ, ojú gbogbo wọn á yí sọ́dọ̀ mi. Mo ti jà á títí, ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n dá kíláàsì kékeré kan sílẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọbìnrin tó ti gba másítà, tàbí tó ń ṣe é lọ́wọ́, ni mo kó jọ. Márùn-ún péré ni wọ́n. A máa wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ṣófo, ẹnìkan á bọ́ síwájú, á máa kọ́ àwa yòókù. Èmi á lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, n ó máa pariwo pé mi ò gbọ́ o, sọ ọ́ sókè!

Kí lẹ rò pé ó ń ṣe àwọn obìnrin wa? Kì í kúkú ṣe pé wọn ò mọ̀wé. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí wọ́n wá dúró níwájú igba akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á ní ẹ jẹ́ káwọn tún kàwé díẹ̀ sí i ná. Ọdún á gorí ọdún, wọ́n ṣì ń kàwé díẹ̀ sí i. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ṣe másítà ti di lẹ́kíṣọ́rà tipẹ́.

Nínú àwọn márùn-ún yìí ni Raṣídà wà.

Mamobi, àdúgbò kan ní Accra níbí, ni wọ́n bí i sí. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbí, kò sì padà sílé mọ́. Ìyá rẹ̀, Àlájà, ń ta korobá, abọ́ àti oríṣiríṣi ike ní ọjà Okaishie. Ẹ wá gbọ́ Yorùbá ọmọ náà! Yorùbá, Twi àti Hausa nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ káàárọ̀ mà, kó parí ẹ̀ sí medaase, ẹ ṣé tàwọn elédè Twi.

Ṣùgbọ́n tó bá di ti ẹ̀kọ́ ilé, kò sí irú ẹ̀ ní Ìbàdàn gan-an mọ́. Níbikíbi tó bá ti pàdé mi nínú dipátímẹ́ǹtì wa, níṣojú gbogbo èèyàn, orúnkún ẹ̀ á kanlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dúró máa wò wá. N ó ní dìde jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ nibí. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín ṣá: ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Ìlú àjèjì, kí ọmọ kan kúnlẹ̀ kí ẹ! Ta ni ò ní dùn mọ́?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ síwájú wa ní Sátidé, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Bọ́ọ̀dù ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé bọ́ọ̀dù ló fẹ́ ṣe ìdánwò ni? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé omi lé sí i lójú. Ó gbà á tó oṣù mẹ́fà kó tó lè wo ojú wa sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀ ló wá là á lóhùn. Ó ṣàkíyèsí pé tí òun bá ti fi ọjà Okaishie ṣàlàyé, ẹ̀rù kì í ba òun. Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá le tó, korobá ni yóò fi tú u. Àwọn ọlọ́jà méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, oníbàárà tó ń ná ọjà, ẹrù tó há sí ibùdókọ̀ ojú omi ní Tema, gbogbo ẹ̀ ló máa kó wọ inú ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí Raṣídà bá ń kọ́ wa, èmi gan-an máa ń gbàgbé pé mo ti mọ ohun tó ń sọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti rí ẹni tí a ó jọ jẹ́ obìnrin méjì ní dipátímẹ́ǹtì yẹn.

Ni ipò lẹ́kíṣọ́rà kékeré kan bá ṣí sílẹ̀. Mo pe Raṣídà pé kó kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà. Ó ní òun ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó máa kọ̀wé ti gbé àpilẹ̀kọ méjì jáde, ọ̀kan ṣoṣo lòun ní. Mo ní àwọn ọkùnrin tí kò ní ẹyọ kan ti fi ìwé tiwọn sílẹ̀ láti àná! Ó ní òun á ronú sí i. Èmi ti mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Mo bá wọ ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Okaishie.

Àlájà gbé àga fún mi láàárín korobá, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọ bá ti sọ pé ó lè ṣe é, ó parí. Ó ní ọmọ yín ni, ẹ máa mú un lọ. Lọ́jọ́ kejì, Raṣídà fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n mú èèyàn méjì nínú gbogbo àwọn tó kọ̀wé: Raṣídà àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kwaku. Kálukú wọn ní láti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú àwa mẹ́rin tí wọ́n yàn láti yẹ̀ wọ́n wò. Mo sọ fún olórí dipátímẹ́ǹtì wa pé èmi ni mo kọ́ Raṣídà o, bóyá kí n má jókòó níbẹ̀. Ó ní kò séwu, kò sí ẹni tí kò kọ́ ẹnìkan, kí n ṣáà ṣòótọ́.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a jọ fẹ́ jókòó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Ó fẹ̀rín sí i, ó ní ó kù díẹ̀ kí àwọn Anago, ìyẹn àwa Yorùbá, gba dipátímẹ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn, ṣé àbúrò mi ló ń bọ̀ lónìí? Ó ń ṣàwàdà ni. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Tí Raṣídà bá gba iṣẹ́ yìí, wọ́n á ní èmi ni mo gbé e fún un. Obìnrin gbè sẹ́yìn obìnrin, Anago gbè sẹ́yìn Anago. Mo bá pinnu lọ́kàn mi pé ìbéèrè tó le jù lónìí, ọwọ́ mi ló máa ti jáde. Kò sí ẹni tó máa lè sọ pé mo ṣojúsàájú. Ẹ gbà mí o! Kí ni mo ń wá kiri?

Raṣídà wọlé, ó kí wa, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ já geere. Ó kọjú sí wa. Ó fa ìlà kan sójú bọ́ọ̀dù, ìlà tó ń fi hàn pé bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i ni iye tí àwọn èèyàn ń rà á máa dín kù. Ó ní ká jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkorobá kan ní Okaishie, lọ́sẹ̀ tí sídì, owó Ghana, ń já wálẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn gbọ́rí sókè. Ọ̀kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èmi ńkọ́? Èmi tẹrí mọ́ ìwé, mò ń wá ìbéèrè tó le! Ìlàjì ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo gbọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé ó ti fa ìlà kejì sápá ọ̀tún àkọ́kọ́, ó ń sọ pé gbogbo ìlà náà ti sún, pé àwọn èèyàn á ra korobá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo dá a dúró. Mo bi í pé bí korobá bá wọ́n, ṣé àwọn èèyàn á máa rà á sí i ni? Mo ní kí ló dé tó fi sún ìlà? Mo ní àṣìṣe tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, ohùn mi ò tilẹ̀ rọ̀.

Raṣídà wò mí. Ó wo bọ́ọ̀dù, ó tún wò mí. Ẹnu ẹ̀ là díẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo sì tẹjú mọ́ ọn bí a ṣe ń tẹjú mọ́ ọmọ níwájú àlejò. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìtumọ̀ ojú yẹn?

Ó tẹrí ba. “Ẹ má bínú, mà.” Ó mú dọ́sítà, ó nu ìlà kejì kúrò.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kú síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, ẹnu rẹ̀ kàn ń lọ ṣá ni. Bọ́ọ̀dù ló padà ń bá sọ̀rọ̀.

Kwaku wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n mú un níbi àṣìṣe kan, àṣìṣe gidi o. Kò gbà! Ó rẹ́rìn-ín, ó bá wọn jiyàn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣàlàyé ara òun. Àlàyé náà ò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó wù wọ́n. Wọ́n ní ẹ wo ọkàn ẹni tó lè dojú kọ kíláàsì. Nígbà tó kàn mí láti kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Raṣídà, mo kọ ọ́ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò tíì dúró dáadáa. Wọ́n fún Kwaku níṣẹ́.

Ó ku èyí tó ń dùn mí jù. Mo pè é lẹ́yìn náà, mo tún gbà á nímọ̀ràn! Mo ní kó má jẹ́ kó dùn ún, kó padà lọ ka orí ìwé yẹn dáadáa. Ó ní òun ti gbọ́, ẹ ṣé, mà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ ra fúláàsì omi gbígbóná kan ní Okaishie, fún ilé. Ẹyọ kan. Obìnrin Ghana tó ń tà á sọ fún mi pé kí n yáa rà á báyìí, pé sídì tún ti já, àwọn tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ máa wọ́n gidi. Mo ní kó kúkú di mẹ́ta.

Mo gba fúláàsì mẹ́ta, mo yípadà, mo rin ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn alábàárù ń pariwo agoo, agoo, kí n kúrò lọ́nà. Mi ò lè gbẹ́sẹ̀. Ọjà ò tíì wọ́n. Ẹ̀rù pé ó máa wọ́n lọ́la ló mú mi ra mẹ́ta lónìí, ní iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀! Èmi nìkan sì kọ́ o, gbogbo àwọn tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni. Ohun tí Raṣídà ń sọ nìyẹn. Ìlà náà sún lóòótọ́. Ibi tó fà á sí gan-an ló yẹ kó wà, ó sì wà nínú ìwé tí èmi fúnra mi ń kọ́ wọn.

Èmi tí wọ́n ń pè ní dókítà ẹkọnọ́míìsì! Èmi ni mo ṣe àṣìṣe ọmọ ọdún àkọ́kọ́.

Mi ò dúró de ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ̀ olórí dipátímẹ́ǹtì ni mo gbà lọ, tèmi ti fúláàsì lọ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó sì dùn ún, mo rí i. Ṣùgbọ́n ó ní lẹ́tà Kwaku ti jáde, Kwaku sì ti fọwọ́ sí i. Ó wá bi mí pé tí ọmọ náà bá mọ̀ pé òun tọ̀nà, kí ló dé tó fi nù ún?

Mo wọ trotro, ó di Mamobi. Àlájà ló ṣílẹ̀kùn. Ó dùn mọ́ ọn láti rí mi! Ó bu omi tútù fún mi, ó ń dúpẹ́. Ó ní Raṣídà ti ṣàlàyé fún òun pé mo sa gbogbo ipá mi, Raṣídà fúnra ẹ̀ ni kò ṣe dáadáa. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rẹ̀wẹ̀sì lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbé omi yẹn dání, mi ò lè mu ún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà náà, àgbà yẹn gan-an ló wọ́ orí ọmọ.

Raṣídà jáde, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó wá jókòó tì mí. Mo bi í tààrà pé lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó mọ̀ pé èmi ni mo ṣì í?

Ó ní, “Mo mọ̀, mà.”

Mo ní kí ló wá dé tó fi nu ìlà náà kúrò? Mo rò pé ó máa sọ pé ẹ̀rù mi ló bà á. Mo tilẹ̀ ti múra bí mo ṣe máa bá a wí díẹ̀, pé ọ̀wọ̀ ò ní kéèyàn má sọ òtítọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan lobìnrin níbẹ̀, mà. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọkùnrin yẹn rí i pé ẹ ṣì í.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Mo sunkún lójú ìyá ẹ̀, tí ìyá náà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tó ń bi wá pé kí ló dé, ta ló kú? Nítorí àwọn ọkùnrin kan náà ni mo ṣe fojú ọmọ yìí gbolẹ̀, nítorí wọn lòun náà ṣe gbẹ́nu dákẹ́. Èmi ń bo ara mi, òun náà ń bò mí. Ta ló bo òun?

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ òótọ́ fún ìyá ẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀, mi ò fi ìkan pa mọ́. Àlájà gba ife omi lọ́wọ́ mi. Ó wá ní kò burú, àṣìṣe ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ọmọ yín ni mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe sọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Mo sọ fún Raṣídà pé yunifásítì mìíràn ń wá lẹ́kíṣọ́rà, pé n ó kọ lẹ́tà tó máa gbè é, n ó bá wọn sọ̀rọ̀, n ó tẹ̀lé e débẹ̀. Ó mi orí pé rárá. Ó ti rí iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì kan ní Lapaz, nínú Accra níbí, ó ń bá wọn ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń wọlé. Ó ní kì í ṣe pé òun ń bínú. “Tí mo bá dúró níwájú bọ́ọ̀dù báyìí, mà, ohun tí mo mọ̀ dáadáa gan-an kì í dá mi lójú mọ́.”

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ pé kó gba ara rẹ̀ gbọ́. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti débì kan, bí ẹ bá di ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ mú wọlé, ẹ má ṣe nà án níwájú àwọn ará ilé kí wọ́n lè yìn yín pé ẹ ò ṣojúsàájú. Òótọ́ tí a ń wá, kò le ju pé kéèyàn tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin àbúrò, ẹ bọ̀wọ̀ fún wa, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ pé ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Bí ojú bá tì wá, ìtìjú náà á lọ tó bá yá. Èyí tí ìdákẹ́ yín bá dá sí yín lára lè má lọ.

Kíláàsì Sátidé ṣì ń lọ o. Àwọn mẹ́rin tó kù ń wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sẹ́yìn kí n pariwo mọ́.

Mò ń pe Raṣídà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń gbé e, ó ń kí mi dáadáa, ó ń béèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Ìbínú kékeré báyìí, mi ò gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀ rí. Ì bá sàn kó bú mi!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnìkan ti nu ìlà yín rí, àbí ẹ ti mú ẹlòmíràn nu tirẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú mi, ẹ rí i pé èmi náà ò tijú yín. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n nínú yín, ẹ bá mi dáhùn èyí kan: ẹni tó ti dárí jini tipẹ́, báwo la ṣe ń bẹ̀ ẹ́?